Ẹ Bi Bàbá Onírélùwéè: Ìjọba Ń Ṣọ́ Ìjọba Kẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi obìnrin wà ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ìjọba ló ni ọkọ̀ náà, ìjọba ló sì tún gba àwọn mìíràn síṣẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tó ń wà á. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń wá ibi tí wọn yóò ti rí jẹ? Ṣé ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ kàn wá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́? — Ìyá Bọ̀dé, Tàkíé, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ̀dé, ẹ ò jẹ̀bi. Ọkọ̀ ojú irin ò kúkú dé ọ̀dọ̀ wa rí. Láti Ìbàdàn ló ti gba Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, ó fi àwa àti ìlú Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ọ̀fà ni àwọn bàbá wa ti ń lọ wọ̀ ọ́ lọ sókè Ọya, ibẹ̀ lèmi náà sì ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì.

Láyé ìgbà tiwa, irin kékeré kan wà tí à ń pè ní tókìn, inú àpò awọ tó ní òrùka gbàǹgbà lọ́rùn ni a máa ń fi sí. Bí awakọ̀ ò bá tíì gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀, kò gbọdọ̀ ṣí. Bí ẹyọ kan bá sì ti wà níta, ẹ̀rọ ò ní yọ òmíràn jáde. Báyìí ni ọkọ̀ méjì kì í fi í pàdé lójú irin kan.

Ní Washington, iná mànàmáná tó ń gba inú irin kọjá ló ń ṣe iṣẹ́ tókìn. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbì kan. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2009, nítòsí ibùdókọ̀ Fort Totten, ọkọ̀ kan dúró lórí irin, ẹ̀rọ ò rí i. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ kọlù ú. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀yìn wà lára wọn. Èyí tó dùn mí jù nínú àbájáde ìwádìí ni pé irú rẹ̀ ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní 2005. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ti gbé ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà yẹ ẹ̀rọ náà wò kalẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ di àṣà.

Olùṣọ́ ńkọ́? Ó wà! Ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ Maryland àti Virginia pẹ̀lú ìlú Washington jọ gbé kalẹ̀ ni nígbà náà. Kò lè dá ọkọ̀ dúró, kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2009 yẹn náà, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ fún wọn láti rìn lẹ́bàá irin nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Irú wọn ni ẹ lè sọ pé wọ́n kàn ń wá jíjẹ, èmi ò ní bá yín jiyàn.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe ṣòfin tuntun ní 2012. Ìpínlẹ̀ tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní olùṣọ́ tó lágbára lábẹ́ òfin, tí kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ṣe é títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019 kò ní rí owó tuntun gbà fún ọkọ̀ èrò.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ọkọ̀ kan yẹ̀ kúrò lórí irin ní Washington. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tó ń yí lórí irin ti sún kúrò ní àyè wọn lórí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́ ní kí wọ́n kó gbogbo irú ọkọ̀ náà kúrò: 748, ó ju ìdajì ohun tí wọ́n ní lọ! Bí ọmọ yín bá ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn, yóò rántí bí ọkọ̀ ṣe wọ́n.

Ó kàn wá o. Láti 2023 tí wọ́n ti tún òfin Nàìjíríà ṣe, ìpínlẹ̀ lè ní rélùwéè tirẹ̀. Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn NSIB, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìjàǹbá ní láti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ná. Bí Ọ̀yọ́ bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kí wọ́n yan ẹni tó lè dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sì ya owó oṣù rẹ̀ sọ́tọ̀, kí èrò àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé àwọn olùṣọ́ yẹn máa ń gbé àbájáde àyẹ̀wò wọn síta fún gbogbo ènìyàn. Kó ka ti ojú irin tó ń wọ̀.