Ihò kan náà kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá òun lè ra processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i7-3770 àti RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 16GB sí kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 790 òun, èyí tó ń lo i3-2100 àti RAM 4GB: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Irú kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni mo ní, i7-3770 náà ni mo sì rà sí i.

Fídíò ìgbéyàwó ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn nígbà náà. Tí mo bá ní kí ẹ̀rọ náà yọ fídíò wákàtí kan jáde, màá sùn, màá jí, kò ní tíì parí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó kí n tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Mo ti wò ó pé LGA1155 ni ihò processor mi, LGA1155 náà sì ni i7-3770, ó tán lójú mi. Mo délé, mo fi sí i, ó jókòó wẹ́kú. Mo tan iná. Fáànù ń yí, ojú ẹ̀rọ dúdú. Mo tú u, mo tò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá, mo gbà pé ayédèrú ni, mo tún wọkọ̀ padà lọ bá ẹni tó tà á. Ó fi í sínú ẹ̀rọ mìíràn níṣojú mi, ó sì tàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Chipset, ìyẹn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà tó ń so processor pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà yòókù, ni n kò wò. Q65 ló wà nínú 790, àwọn processor Intel ìran kejì ló sì wà fún, àwọn bí i5-2400 àti i7-2600. Ìran kẹta, tí i7-3770 wà nínú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2012, kò bá a ṣe bí ihò wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. OptiPlex 7010 tó ní Q77 máa ń gba ìran méjèèjì, ó sì jọ 790 púpọ̀ lóde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í rà.

Nítorí náà, i7-2600 ni kí ẹ wá. Ó ní core (ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú processor) mẹ́rin, tiyín ní méjì. Ṣùgbọ́n iná 95W ló ń jẹ, i3 yín ń jẹ 65W, nítorí náà yóò gbóná jù ú lọ. Ẹ nu eruku fáànù, ẹ sì fi thermal paste (ọ̀rá tó ń gba ooru kúrò lára processor) tuntun sí i. Tí irin tó ń gbé ooru lórí rẹ̀ bá kéré, ẹ ra èyí tí wọ́n yọ lára 790 tó lo i5-2400.

Ní ti RAM, irú DDR3 ni tiyín. DDR4 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò lè tàn yín jẹ, kò tilẹ̀ ní wọlé. RAM sáfà (server, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò) ni kí ẹ ṣọ́ra fún. DDR3 ni òun náà, ó máa ń pọ̀ lọ́jà tòkunbọ̀, kì í sì í wọ́n. Yóò wọ ihò rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ yín kò sì ní tàn. Ẹ ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: PC3-10600U lẹ ń wá. Tó bá jẹ́ R ló gbẹ̀yìn rẹ̀ dípò U, ti sáfà ni, ẹ dá a padà. Àwọn 8GB kan tún wà tí wọ́n kọ “AMD” sí, Intel ni tiyín, ẹ má mú un. Èyí tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 1600 yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní 1333 ni yóò máa sáré. Ẹ tún wò ó bóyá Windows yín jẹ́ 64-bit, torí 32-bit kò ní lo ju 4GB lọ.

Tí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi ohun tí ẹ̀rọ ń lò hàn, nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Tó bá jẹ́ memory (RAM) ló kún, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Tó bá jẹ́ CPU (processor) ló wà ní 100% ṣáá, processor ni.

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ lọ sọ́jà, kí wọ́n fi ọjà sínú rẹ̀, kó tàn níwájú yín kí ẹ tó sanwó. Èmi ò gbé tèmi lọ. Mo fi i7-3770 pààrọ̀ i7-2600, mo sì tún san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. I7-2600 náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ mi títí di òní.