Èsì: Bí Nàìjíríà bá wọ PISA, ṣé ilé ẹ̀kọ́ wa máa dára sí i?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. PISA ni ìdánwò àgbáyé tí wọ́n fi ń to àwọn orílẹ̀-èdè sórí àtẹ bí àwọn ọmọ wọn ṣe mọ̀wé sí. Rárá, ipò lórí àtẹ nìkan kì í tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe. Ó máa ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba bá ti wádìí ohun tó fa ipò náà, tó sì náwó sí i.

Ẹ wo Jámánì. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe PISA fún àwọn ọmọ ọdún 15. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, Jámánì wà nísàlẹ̀ ìpíndọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè OECD, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù nínú wọn lọ́rọ̀, tó ń ṣètò ìdánwò náà. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé ọmọ tálákà àti ọmọ àwọn àjèjì ló kù sẹ́yìn jù. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n dojú kọ: òdiwọ̀n ẹ̀kọ́ kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, àti owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tó ń mú ọmọ dání di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Tiwa ńkọ́? Mo mọ kíláàsì JSS 2 kan l'Ágùgù n'Ìbàdàn níbí: ọmọ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan, ìwé ìṣirò kan ṣoṣo láàárín wọn. Ó ká mi lára gan-an. A ò nílò àtẹ àgbáyé ká tó rí ìyẹn.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ bèèrè pé ìwé mélòó ló wà fún kíláàsì ọmọ yín, kí wọ́n kó o jáde kẹ́ ẹ rí i.