Àwọn wo ni Traveling Wilburys, orin wọn wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Olórin rọ́ọ̀kì márùn-ún tí kálukú wọn ti lókìkí tẹ́lẹ̀ ni: George Harrison, Bob Dylan, Tom Petty, Jeff Lynne àti Roy Orbison. Ní 1988, Harrison ń wá orin kan péré tí yóò fi sí ojú kejì àwo kékeré rẹ̀. Ilé Dylan ní Malibu ni wọ́n kóra jọ sí, tí wọ́n ti gba "Handle with Care" sílẹ̀. Ara páálí kan níbẹ̀ ni wọ́n ti rí àkọlé yẹn! Orin náà dùn kọjá ohun tí à ń fi dí àyè, ni wọ́n bá kúkú ṣe odidi àwo.

"Handle with Care" gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ dúró de ibi tí Orbison ti gba orin, tí ohùn rẹ̀ lọ sókè réré. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fídíò "End of the Line". Orbison ti kú ní oṣù Kejìlá 1988 kí wọ́n tó yà á. Nígbà tó kan ohùn rẹ̀, àga kan tó ń mì pẹ̀lú gìtá lórí rẹ̀ ni wọ́n fi hàn. Mi ò lè wò ó kí omijé má lé sí mi lójú.

Àwo kejì jáde ní 1990, àmọ́ Vol. 3 (Apá Kẹta) ni wọ́n fi àwàdà pè é. Tàkọ́kọ́ dùn jù ú lọ.