Yíyọ owó adójútòfò òṣìṣẹ́ kí owó orí tó kàn án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi la ni ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà níbí ní Houston. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ wa, S corporation (ilé iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sínú owó orí àwọn tó ni ín) sì ni wá lójú IRS, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀. Oṣooṣù ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń dá $200 sí owó adójútòfò ìlera rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní a lè máa yọ owó yẹn kí a tó ṣírò owó orí. Ṣé kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló wà fún?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó gba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo náà lè ṣe é. Section 125 ló fàyè gbà á, ó sì ti wà nínú òfin owó orí Amẹ́ríkà láti 1978. Èyí tó rọrùn jù lábẹ́ rẹ̀ ni Premium Only Plan, ètò tó wà fún owó adójútòfò nìkan, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Social Security (ti owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ti ìlera àgbàlagbà) jọ ń gba 7.65% lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀yin náà sì ń san iye kan náà lé e. Tí $200 bá ti jáde ṣáájú, wọn ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. $15.30 nìyẹn lóṣù lórí ẹnì kan. Fún ẹni mẹ́fà, $1,101.60 ló máa kù sí yín lápò lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó ń san 12% fún ìjọba àpapọ̀ á tún rí $24 kún $15.30 tirẹ̀. (Texas kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́, ẹ ò ní í wá ìyẹn.)

Ìwé ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ètò náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ kí ẹ tó yọ dọ́là àkọ́kọ́. Ẹ ò lè kọ ọ́ lónìí kí ẹ fi ọjọ́ àná sí i. Oníbàárà mi kan ti ń yọ owó bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Mo ní kó mú ìwé ètò wá, ó ń wò mí. Ẹni tó ń bá a ṣe owó oṣù ló kàn tẹ ibì kan lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo owó yẹn la padà kà sí owó iṣẹ́, a tún W-2 (ìwé owó iṣẹ́ ọdún) gbogbo wọn ṣe, ó sì san owó orí tó ti gorí ara wọn. Ìwé tí ì bá fi ọ̀sán ọjọ́ kan ṣe!

Tiyín fúnra yín kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ju 2% lọ nínú S corporation ò lè wọ ètò yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tàbí aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti òbí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè san adójútòfò yín, kó hàn nínú W-2 yín bí owó iṣẹ́, kí ẹ wá yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe owó orí ti ara yín.

Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá mú níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n máa gbé dé òpin, àfi tí nǹkan bíi ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ìbímọ bá ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó ń ta ètò yìí á fẹ́ ta FSA ìlera mọ́ ọn fún yín, ìyẹn àpò tí òṣìṣẹ́ ń dá owó sí kí owó orí tó kàn án, láti fi tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ní 2025, òṣìṣẹ́ lè fi tó $3,300 sí i, àtọjọ́ kìíní ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ná gbogbo rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ṣì yọ owó. Tó bá lọ ṣe eyín ní January, tó ná an tán, tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní February, ọrùn yín ni gbèsè ọ̀hún wọ̀. Lóòótọ́, owó tí àwọn yòókù ò bá ná lè padà sọ́dọ̀ yín dí i, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà kéré jù láti fi ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí Premium Only Plan bẹ̀rẹ̀ ní January, ẹ fọwọ́ síwèé kí December tó tán.