Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi tún ń bèèrè activation, ṣé kí n sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́fà fún ọ́fíìsì mi ní Kubwa. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà, mẹ́rin nínú wọn ń gbé "Activate Windows" jáde. Ẹni tó tà á ní kí n mú owó wá kóun ṣí i. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ pè yẹn ló jẹ́ kí n fura. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti wá, púpọ̀ iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe activation (ìyẹn fífi láísẹ́ǹsì ṣí Windows) ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, server tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn wọn, ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ò bá sì rí server yẹn títí ọjọ́ 180 fi pé, activation ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ activator, ìyẹn software tó ń ṣí Windows láìsí láísẹ́ǹsì, ni wọ́n fi sí i, tó ń ṣe bíi server iléeṣẹ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù torí wọ́n á kọ́kọ́ pa antivirus, orí kọ̀ǹpútà yẹn náà lẹ sì ti ń wọ àkáǹtì báńkì yín.

Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ slmgr /dli. Tẹ́ ẹ bá rí VOLUME_KMSCLIENT, ohun tí mo ń sọ nìyẹn, láísẹ́ǹsì yẹn kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti ẹni tó tà á. OEM_DM ló dáa, kọ́ọ̀dù tí Dell, HP tàbí Lenovo fi sínú motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ni, ibi tí kọ̀ǹpútà bá lọ ló ń bá a lọ.

Kọ́ọ̀dù yẹn sì lè wà nínú ẹ̀ kí Windows tó wà lórí ẹ̀ má lò ó o! Ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ (Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey. Tí lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 bá jáde, inú mi dùn fún yín. Tó bá jẹ́ Windows Enterprise, ẹ̀yà ti iléeṣẹ́ ńlá, ló wà lórí ẹ̀, tí kọ́ọ̀dù inú ẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀yà Pro, kọ́ọ̀dù Pro ò ní ṣí i, ẹ kó fáìlì yín síta kí wọ́n fi Pro tuntun sí i, tẹ́ ẹ bá ti tan dátà ó máa rí kọ́ọ̀dù náà fúnra ẹ̀, owó iṣẹ́ nìkan lẹ máa san. Sítíkà Windows 7 tó wà lára kọ̀ǹpútà ní tiẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e, láti 2023 ni Microsoft ò ti gba kọ́ọ̀dù 7 àti 8 fún 10 tàbí 11 mọ́.

Èyí tí ò bá ní kọ́ọ̀dù rárá, ẹ wo processor Intel ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ tó ra láísẹ́ǹsì, torí Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 sì ń bèèrè 8th gen (ìran kẹjọ) sókè pẹ̀lú TPM 2.0, ìyẹn chip ààbò inú kọ̀ǹpútà. Tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi Linux Mint sí i dípò Windows, ọ̀fẹ́ ni, LibreOffice tó ń ṣe iṣẹ́ bíi Word àti Excel wà nínú ẹ̀, ẹni tó kàn ń tẹ lẹ́tà tó ń ṣe ríṣíìtì ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.