Èsì: Ṣé obìnrin kankan wà nínú àwọn tó lọ ṣèwádìí ní Akitíìkì, agbègbè oníyìnyín tó wà ní òpin àríwá ayé?

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n wà o, kì í ṣe ìyàwó tó ń dúró de ọkọ nílé nìkan. Ẹ wo Ada Blackjack, ọmọ Inupiat, ìyẹn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Alaska. Lọ́dún 1921, ó bá ọkùnrin mẹ́rin lọ sí erékùṣù Wrangel, ní òkun tó wà ní àríwá Rọ́ṣíà, láti máa rán aṣọ awọ fún wọn. Owó ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń wá. Ní January 1923, mẹ́ta gba orí yìnyín lọ wá ìrànlọ́wọ́, a ò gbúròó wọn mọ́. Ó tọ́jú ẹnì kẹrin, Lorne Knight, títí tó fi kú ní June. Ló bá ku òun àti ológbò tí wọ́n mú lọ! Ó ń dẹ pańpẹ́ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó kọ́ ìbọn yínyìn, títí ọkọ̀ fi dé ní August. Aránṣọ lásán ni wọ́n kúkú gbà á sí.

Ẹ tún wá ìtàn Louise Boyd, olówó tó fi owó ara rẹ̀ ṣètò ìwádìí ní Greenland.