Káńtà inú pọ́ọ̀bù àtijọ́ tófin ń dáàbò bò: ṣé a lè yọ ọ́ kúrò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjọ wa ní Peckham, nílùú London, ti rí pọ́ọ̀bù kan, ìyẹn ilé ọtí, tí wọ́n ti tì pa tipẹ́, a fẹ́ rà á ká fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń bá wa tà á ní listed ni, ìyẹn ilé àtijọ́ tó wà nínú ìwé ilé tófin ń dáàbò bò, pé Grade II ni. Ọ̀kan nínú wa ní ìta nìkan ni kánsù ń wò, pé tó bá ti dọ̀rọ̀ inú ilé, ohun tó bá wù wá la lè ṣe. A fẹ́ yọ káńtà ọtí yẹn, ká wó ògiri pákó tó pín in sí yàrá-yàrá, ká sì fi wíńdò oníke rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Ṣé kò séwu?

Ìdáhùn: Ewu ń bẹ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí káfíńtà kankan fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ilé àtijọ́ wò, ọ̀rọ̀ "ìta nìkan" yìí sì ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa sí wàhálà. Tílé bá ti wọ ìwé àwọn ilé listed, tinú-tòde ló wọ̀ ọ́, àtorí òrùlé dórí káńtà, àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn, gíláàsì tí wọ́n fín òdòdó sí, kódà ilé ẹṣin tó wà lẹ́yìnkùlé tó bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú July 1948. Grade I, II* àti II tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, bílé ṣe ṣe pàtàkì sí ló ń sọ, kì í ṣe pé òfin fojú fo Grade II, òfin ilé àtijọ́ ti 1990 kan náà ló de gbogbo wọn. Ẹni tó bá wó irú ilé bẹ́ẹ̀ tàbí tó yí i padà láìgbàṣẹ ti dẹ́ṣẹ̀ ọ̀daràn, wọ́n lè bu owó ìtanràn tí ò ní gbèdéke lé e tàbí kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n tó tó ọdún 2.

Kí ìdí ẹ̀ lè yé yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ Borough High Street lọ́jọ́ kan, kò jìnnà sí yín, kẹ́ ẹ wọ àgbàlá pọ́ọ̀bù tó ń jẹ́ The George. Iná ńlá kan jó Southwark ní 1676, ó jó ilé ọtí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tún un kọ́ ní 1677. Ẹ wòkè, ẹ máa rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó tó nà gbọọrọ lára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pákó ẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ nítorí ọjọ́ ti pẹ́, ẹnu ọ̀nà àwọn yàrá ló kọjú sí i, tó jẹ́ pé àlejò tó bá jáde ní yàrá ẹ̀ ń wo àgbàlá nísàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé wa nílé. Kì í ṣe fún ẹwà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, London Bridge nìkan lafárá tó wọ ìlú London láti gúúsù, wọ́n sì máa ń ti ẹnubodè ẹ̀ lálẹ́, ẹni tílẹ̀ bá ṣú bá, Southwark ló ń sùn sí, kẹ̀kẹ́ ẹṣin á wọ àgbàlá, wọ́n á já ẹrù, ẹṣin á lọ sílé ẹṣin, èrò á gòkè lọ sùn. Iṣẹ́ tílé náà ń ṣe ló bí ìrísí ẹ̀.

Nígbà tí reluwé dé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin kógbá wọlé. Ilé ọtí Tabard tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti di wíwó láti 1873, ní 1889, iléeṣẹ́ reluwé Great Northern wó apá méjì nínú The George, apá gúúsù nìkan ló kù lónìí. Ní 1937 ni iléeṣẹ́ reluwé LNER wá fà á lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, lọ́wọ́. Grade I ni báyìí, òun nìkan sì ni irú ẹ̀ tó kù ní London. Nígbàkígbà tí mo bá dúró ní àgbàlá yẹn, ibi tí wọ́n wó yẹn ló máa ń dùn mí jù, torí kò sówó tó lè dá a padà.

Bákan náà làwọn ògiri pákó tẹ́ ẹ fẹ́ wó yẹn ṣe nítàn. Bíríkìlà àti lébìrà ló ń jókòó sí public bar níbi tí bíà ti dínwó, àwọn tó rí jájẹ á wà ní saloon níbi tí àga ti rọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, káńtà kan náà ló ń ta fún tọ̀tún-tòsì. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ dànù, gbọ̀ngàn òfìfo ló kù yẹn.

Wíńdò oníke, mi ò rò pé wọ́n máa gbà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á gbà kẹ́ ẹ fi gíláàsì kejì sí i láti inú, ìyẹn ń dá òtútù àti ariwo dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi símẹ́ńtì dí àárín bíríkì. Mo yẹ ilé kan wò tí bíríkìlà ti ha láìmù tí wọ́n fi mọ bíríkì láyé àtijọ́ kúrò, tó fi símẹ́ńtì dí i, òjò wọnú bíríkì kò rọ́nà jáde, nígbà tí yìnyín mú, ojú bíríkì ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà, ìka mi lásán ni mo fi ń ha á. Láìmù ń jẹ́ kí ògiri mí, símẹ́ńtì kì í jẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn ìjọ bíi Church of England, Kátólíìkì àti Mẹ́tọ́díìsì ní ètò tiwọn lábẹ́ òfin yìí tí wọ́n fi ń fúnra wọn fọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọ̀pọ̀ ìjọ tiwa kò sí níbẹ̀. Láti May 2017 sì ni ẹnikẹ́ni ò ti lè sọ pọ́ọ̀bù di nǹkan míì ní England láìgbàṣẹ kánsù, torí náà àṣẹ méjì lẹ máa gbà, ọ̀kan fún ilé listed, ọ̀kan fún sísọ pọ́ọ̀bù di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún wádìí bóyá àwọn ará àdúgbò ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ohun ìní àdúgbò, torí tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá títà ẹ̀ dúró fún oṣù 6 láti fi dáwó jọ. Ohun táwọn ará Nunhead fi gba pọ́ọ̀bù Ivy House sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n rà á, wọ́n sì ṣí i padà ní 2013. Ẹni tó bá rò pé kánsù ò ní ṣe nǹkan kan, kó rántí pọ́ọ̀bù Carlton Tavern ní Maida Vale, wọ́n wó o ní 2015 láìgbàṣẹ, kó tiẹ̀ tó di listed, kánsù ní kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó ṣí padà ní 2021.

Kẹ́ ẹ tó sanwó kankan, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù Historic England, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé àwọn ilé listed, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa ilé yẹn, àmọ́ ohun tí wọn ò dárúkọ níbẹ̀ náà wà lábẹ́ ààbò o. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ lọ rí conservation officer kánsù, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ilé àtijọ́, kẹ́ ẹ mú àwòrán ilé dání. Ìwé àṣẹ ilé àtijọ́ fúnra ẹ̀, wọn kì í gbowó fọ́ọ̀mù lórí ẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè ṣí apá kan nínú ògiri pákó yẹn lọ́nà tó ṣeé dá padà. Ní ti káńtà, ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà, kẹ́ ẹ máa gbé tíì àti pọfupọ́ọ̀fù lé e lẹ́yìn ìsìn.